Oògùn Tí Ayé Ti Kọ̀ Sílẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ thalidomide rí lójú aráyé. Ní 1957 ni wọ́n gbé e jáde fún títà ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì gẹ́gẹ́ bí oògùn oorun. Wọ́n ní kò léwu. Nítorí náà àwọn aboyún ń lò ó kí èébì òwúrọ̀ lè dáwọ́ dúró. Ìgbà tí a ń bí ọmọ tí apá àti ẹsẹ̀ wọn kò pé ni ojú tó là. Wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ níbẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1961. A ṣírò rẹ̀ pé àwọn ọmọ tí ó ṣe lọ́ṣẹ́ káàkiri àgbáyé lé ní 10,000. Ta ni yóò tún dárúkọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ níwájú aláìsàn?

Síbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì tán. Ní 1964, ní Jerúsálẹ́mù, Dókítà Jacob Sheskin fún alárùn ẹ̀tẹ̀ kan ní oògùn yìí kí ó lè rí oorun sùn. Oorun ni wọ́n ń wá. Egbò ara pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí san. Ní 1994, Robert D'Amato àti Judah Folkman pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Boston fi hàn pé ó lè dá híhù iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun dúró. Láti 1971 ni Folkman sì ti ń sọ pé irú iṣan bẹ́ẹ̀ ni kókó jẹjẹrẹ fi ń rí oúnjẹ jẹ.

Ní 1997, obìnrin kan ń wo ọkọ rẹ̀ bí jẹjẹrẹ mùdùnmúdùn eegun ti ń gbé e lọ. Dókítà ni ọkọ náà fúnra rẹ̀, kò sì tíì pé ẹni ogójì ọdún. Obìnrin yìí kò fọwọ́ lẹ́rán. Ó ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ títí ó fi kan Folkman, ẹni tí ó dárúkọ thalidomide fún un. Ó rọ Dókítà Bart Barlogie ní Arkansas, ó sì gbà. Lóòótọ́, ẹni tí ó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò gba ọkọ rẹ̀ là.

Ǹjẹ́ ìbéèrè rẹ̀ já sí asán bí? Rárá o. Barlogie àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán oògùn náà wò lára aláìsàn 84. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1999, ó hàn pé àmì àrùn náà dín kù lára bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn. Ní 2006, àjọ tí ń ṣe àbójútó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ yìí, pẹ̀lú òfin líle kí aboyún má baà fẹnu kàn án.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí a kọ̀ sílẹ̀ ni ó ní oore nínú. Laetrile ńkọ́, tí a ń rí láti inú kóró èso? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbójú lé e. Ní 1982 ni àbájáde ìdánwò rẹ̀ lára aláìsàn 178 jáde: kò wo ẹnì kan sàn, májèlé cyanide sì ṣe àwọn mìíràn léṣe.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ran alárùn jẹjẹrẹ lọ́wọ́, kí ó bá a bèèrè, kí ó bá a wá inú ìwé, kí ó sì bá a gbé ohun tí ó bá rí lọ síwájú oníṣègùn rẹ̀. Ìfẹ́ ni í béèrè. Ìdánwò ni í dáhùn.