Iṣẹ́ Ọwọ́ tí Mo Fẹ́ràn Jù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń pa òwe yìí láìmọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tí mo fẹ́ràn jù ló wá là mí lójú sí i. Iṣẹ́ náà ni fífi ọwọ́ rán ẹranko kéékèèké tí a ń fi òwú kún inú wọn: ìjàpá, erin, ehoro àti àwọn mìíràn tí ọmọdé fi ń ṣeré. Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí n sọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún yín, àti ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí n fi í sílẹ̀.

Agbowó ní ìlú Ìbàdàn, ní òdìkejì títì sí Yunifásítì, ni à ń gbé nígbà náà. Aránṣọ ni ìyá mi. Iwájú ilé ni ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjì, ti máa ń ṣa àjákù aṣọ. Ní ọjọ́ kan, ìyá mi ti Dùgbẹ̀ dé pẹ̀lú aṣọ kan tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọ̀ ewé ni, ó nípọn, ó sì rọ̀ lọ́wọ́. Felt ni wọ́n ń pè é. A kì í hun ún bí a ti ń hun aṣọ òkè. Irun àgùntàn ni wọ́n máa ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ tẹ̀ títí yóò fi dì mọ́ra, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn wà tí kì í ṣe irun ẹran rárá. Nítorí pé kì í ṣe híhun, etí rẹ̀ kì í tú bí a bá gé e. Ìyá mi gé ìwọ̀n tí ó fẹ́ fi ṣe ọnà sára aṣọ oníbàárà rẹ̀, ó sì fún mi ní ìyókù.

Mo ti ṣàkíyèsí pé abẹ́rẹ́ ìyá mi máa ń fọ́n ká ilẹ̀. Mo pinnu láti ṣe tìmùtìmù kékeré kan fún un tí yóò máa gún wọn sí. Mo ya ìjàpá sórí páálí, mo gé e, mo sì fi wọn aṣọ náà. Òwú àràbà tí ó ń yọ lára ìrọ̀rí àtijọ́ kan ni mo fi kún inú rẹ̀. Bọ́tìnnì dúdú méjì ni mo fi ṣe ojú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rán an, abẹ́rẹ́ sì gún mi níka ju bí mo ti lè kà lọ. Nígbà tí ìyá mi rí i, ó rẹ́rìn-ín títí, ó gún abẹ́rẹ́ méje sí i lẹ́yìn, ó sì gbé e sórí ẹ̀rọ. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò tètè sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ìyá mi lọ sí ọjà Bódìjà, ó ní kí n máa tọ́jú àbúrò mi. Èmi bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ta ayò ní ẹ̀yìnkùlé. N kò mọ ìgbà tí ọmọ fa ìjàpá wálẹ̀. Ikọ́ rẹ̀ ni mo gbọ́. Nígbà tí mo sáré dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò sì lè ké. Ìjàpá mi wà lórí ẹní pẹ̀lú ojú kan ṣoṣo. Mo fi igbe ta. Ìyá àgbà kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa sáré jáde, ó da ọmọ náà dé orí itan rẹ̀, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín ẹ̀yìn. Nígbà tí ó gbá a lẹ́ẹ̀kẹrin, bọ́tìnnì jáde, ọmọ sì figbe bọnu. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹkún ọmọdé kò dùn létí mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Nígbà tí ìyá mi dé, ó ka abẹ́rẹ́ tí ó wà lẹ́yìn ìjàpá. Mẹ́fà ni. Ṣé ọmọ ti gbé ìkeje mì ni? Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. A gbọn aṣọ, a ká ẹní, a tan àtùpà wá gbogbo ilẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kí ọwọ́ ìyá mi tó bà á ní ìṣẹ́tí ẹní, níbi tí ó gún sí. Ó yọ ọ́, ó jókòó, ó sì bú sẹ́kún. Kò nà mí. Ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: "Èmi lo rán an fún, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé ló bọ́ sí. Tú u, kí o tún un rán." Láti ọjọ́ náà, inú agolo ọlọ́mọrí ni ó ń kó abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí.

Ó pẹ́ kí n tó lè fọwọ́ kan ìjàpá náà. Nígbà tí mo tún un rán, òwú dúdú ni mo fi ṣe ojú rẹ̀ méjèèjì.

Lẹ́yìn tí mo dàgbà ni mo ka ìtàn obìnrin ará Jámánì kan, Margarete Steiff, tí wọ́n bí ní ìlú Giengen ní ọdún 1847. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ fi mú un. Kò lè rìn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì lágbára, síbẹ̀ ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ní ọdún 1880, ó fi felt rán àwọn erin kéékèèké tí a ó máa gún abẹ́rẹ́ sí. Àwọn ọmọdé rí wọn, wọ́n sọ wọ́n di ohun ìṣeré. Bí ilé iṣẹ́ ńlá tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní ṣe di olókìkí nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, ara mi sì bù máṣọ. Ọmọ Jámánì ni o, ọmọ Agbowó ni o, tìmùtìmù tí ó bá ti jọ ẹranko, ọmọdé kò ní kà á sí tìmùtìmù.

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ rántí nǹkan wọ̀nyí. Ìta ni a ti ń rán felt, a kì í ṣẹ́ etí rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ lo àjákù àǹkárá, ṣùgbọ́n èyí máa ń tú létí. Nítorí náà, ẹ kọjú ọnà rẹ̀ síra, ẹ rán an láti òdì, ẹ fi àyè ìka méjì sílẹ̀, kí ẹ sì yí i padà kí ẹ tó fi òwú kún un. Ẹ máa fi ìdí pẹ́ńsù ti òwú wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ àti orí ni kí ẹ kọ́kọ́ kún, nítorí bí ikùn bá ti yó, òwú kò ní lè dé ibẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe fi bọ́tìnnì tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ojú fún ọmọ kékeré. Bí ẹ bá parí, ẹ fa etí rẹ̀, ẹ fa ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ rí i pé kò já. Bí abẹ́rẹ́ márùn-ún ni ẹ gbé jókòó, márùn-ún ni kí ẹ kà kí ẹ tó dìde.

Àbúrò mi ti di géńdé, ó ti ga jù mí lọ. Ìjàpá aláwọ̀ ewé náà ṣì wà nínú àpótí ìyá mi. Bí wọ́n bá bímọ nínú ẹbí wa lónìí, ẹranko kan ni mo máa ń rán lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Iṣẹ́ ọwọ́ a máa lé ìmẹ́lẹ́ lọ, a sì máa mú owó díẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó sọ pé iṣẹ́ yín parí, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ọwọ́ ẹni tí yóò bọ́ sí. Ẹ̀kọ́ yìí ni mo rí kọ́ nínú iṣẹ́ náà, òun ló sì jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn lọ.