Ẹ Bi Tinú Ná

Glasgow,
9 Oṣù Kẹta, 2025.

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé ẹ ti rí ọmọbìnrin kan tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú Màámi ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Ajé. Inú mi dùn pé ẹ rò ti Tinú tó ń tọ́jú Màámi. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọmọbìnrin náà dúró ná. Mo pe Tinú lálẹ́ àná, kò tíì gbọ́ nǹkankan.

Ohun tójú èmi náà rí níbí ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi ti ilé ìwòsàn dé lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀, kánsù, ìjọba ìbílẹ̀ níbí, ní kí iléeṣẹ́ kan máa rán èèyàn wá tọ́jú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, èèyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wọlé wá. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbé e sùn, nínú oṣù kẹfà tí oòrùn kì í wọ̀ níbí títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá. Àgbàlagbà tí kì í sùn láìgbọ́ ìròyìn! Èmi tí mo ń yí i padà lóru, tí mo mọ apá tó ń dùn ún, kò sẹ́ni tó bi mí.

Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló là mí lóye. Wọ́n ṣòfin kan ní Scotland lọ́dún 2013 tó fún ẹni tó nílò ìtọ́jú ní ọ̀nà mẹ́rin: kó gba owó ìtọ́jú sọ́wọ́, kó sì fi gba ẹni tó wù ú síṣẹ́; kí owó wà níbòmíràn, kí òun sì sọ ohun tí wọn yóò fi ṣe; kí kánsù yàn fún un; tàbí kó da wọ́n pọ̀. Òfin mìíràn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2018, ní kí kánsù jókòó pẹ̀lú àwa tí a ń tọ́jú ẹni wa láìgbowó, kí wọ́n kọ ohun tí àwa náà nílò sílẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ máa tọ́jú rẹ̀, àti bóyá agbára mi ká a. Omi bọ́ lójú mi.

A gba owó náà sọ́wọ́. Ìṣirò rẹ̀ kò rọrùn, gbogbo ohun tí mo ná ni mo ń kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìgbómìnà kan ni mo gbà síṣẹ́, ó ń bá ọkọ mi sọ Yorùbá, ó sì ń dúró kó gbọ́ ìròyìn tán.

Nílé, àwa ni kánsù Tinú, Bọ̀dá mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, torí a ti ń ṣe bíi ti àwọn tó ń gbé ọkọ mi sùn ní aago mẹ́fà.

Tinú kò fẹ́ kí àlejò máa wẹ Màámi. Ojú ń ti Màámi. Ẹni tí yóò fọṣọ, tí yóò pọnmi ló fẹ́, kí òun lè padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ó ti ní ẹnì kan lọ́kàn ní àdúgbò, ẹni tí Màámi mọ̀ dáadáa. Láti oṣù tó ń bọ̀, àkáǹtì Tinú ni n óò máa fi owó ìtọ́jú Màámi sí. Ẹ má bínú, mo fọkàn tán yín. Ṣùgbọ́n Tinú ló mọ ohun tó tán nílé.

Ẹ má bi í nínú ìpàdé ẹbí, “ó dáa” ni yóò sọ. Ẹ pè é lọ́sàn-án Sátidé, nígbà tí Màámi bá ń sùn. Ìgbà yẹn ló máa ń ráyè jókòó.

Àbúrò yín,
Fúnkẹ́