Ohun Tí A Fẹ̀sọ̀ Ṣí

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Alàgbà kan wà ní Ìkọ̀tún tí ó ń fi àtúnṣe séèfù àtijọ́ najú. Bí kọ́kọ́rọ́ séèfù bá sọnù, wẹ́dà a fi iná gé e. Ilẹ̀kùn a ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ tí baba fi pamọ́ lè jóná, kí àwọn ọmọ má rí nǹkan kan mú lọ sílé ẹjọ́. Ti alàgbà yìí kò rí bẹ́ẹ̀. A rọ epo sójú ihò, a dúró kí ìpẹtà rọ̀, a sì máa fi fáìlì ha irin díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di kọ́kọ́rọ́.

Ọgbọ́n ń bẹ nínú irin bẹ́ẹ̀. Ní 1818, Jeremiah Chubb, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ẹ̀rọ ìtìlẹ̀kùn kan: bí olè bá fi ayédèrú kọ́kọ́rọ́ tọ́ ọ, ẹ̀rọ náà a há, olóhun a sì mọ̀ pé ọwọ́ àjèjì ti kàn án. Orúkọ Chubb kò ṣàjèjì lára séèfù àtijọ́.

Ẹni tí ó bá fi iná gé irú rẹ̀ ti pa aṣọ́lé; ẹni tí ó bá tún un ṣe ti dá a padà sẹ́nu iṣẹ́.