Ibi Tí Omi Ń Gbà Wọlé

Ní Èkó, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ tírélà, ọkọ̀ ńlá tí ń kó kọ́ńténà jáde láti Àpápá ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí yàtọ̀. Ilé kékeré orí táyà ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ wọn nígbà tí wọ́n bá ń lọ fún ìsinmi. Kárafáànù ni wọ́n ń pè é. Tòkúnbọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni tiwa, kì í sì í ṣe torí ìsinmi ni ó ṣe dé Ìkẹjà. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ni wọ́n rà á, kí wọ́n lè máa ta oúnjẹ nínú rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Àǹtí ti ń ta ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì Agége lábẹ́ agboòrùn, nítòsí Òpópónà Ọba Akran. Òjò ti pa wọ́n tó. Owó àjọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n kó lé kárafáànù náà lórí.

Orúkọ Ọba C. D. Akran ti Àgbádárìgì ni òpópónà yẹn ń jẹ́, ọba tí ó tún jẹ́ mínísítà nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà wà nígbà náà. Ọdún 1967 ni ó di ara Ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó sọ agbègbè náà di olókìkí. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ògbà ní 1962, Cadbury sì wà ní Agídíǹgbí. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti lọ. Dunlop, tí ń ṣe táyà ní Ìkẹjà, dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 2008. Lónìí, nínú ọgbà tí ẹ̀rọ ti ń dún tẹ́lẹ̀, ènìyàn lè bá ilé ìjọsìn tàbí gbọ̀ngàn ayẹyẹ pàdé. Síbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó kù ń jẹun láràárọ̀, Àǹtí sì mọ gbogbo wọn lórúkọ.

Oṣù Kẹfà ni àṣírí tú. Òjò rọ̀ mọ́jú, a sì bá àpò ẹ̀wà kan nínú omi. Bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ kárafáànù ní igun iwájú, ó rọ̀ bí búrẹ́dì tí a rì sínú tíì. Òórùn igi tí ó ti ń bu gba inú rẹ̀ kan. Ní ìta, ara ògiri fáíbà wú bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń tún bọ́ńpà ṣe ní àdúgbò bá wa lẹ fáíbà mọ́ ibi tí ó wú, ó fi pépà ha á, ó sì kùn ún lọ́dà funfun. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni ó fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ń dán gbinrin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ibẹ̀ tún wú, ó tóbi tó àwo oúnjẹ.

Kí ó tó tún wú ni obìnrin kan ti yọjú, tí ó ní òun fẹ́ ra kárafáànù náà bí Àǹtí bá lè tà á. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀dà tuntun náà wọ̀ ọ́ lójú. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó wú yẹn, Àǹtí bi mí pé, "Ìwọ tí o kàwé, ṣé kí n tà á fún un kí òjò tó tún rọ̀? A lè tún un kùn." N kò dáhùn. Kí n má purọ́, ọkàn mi fẹ́ kí wọ́n tà á. Àwọn náà dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ọmọ tí ó pọ̀n sẹ́yìn yẹn kò jẹ́ kí n lè sùn." Wọ́n pe obìnrin náà lórí fóònù pé kí ó fún àwọn ní oṣù kan.

Bí a ṣe so kárafáànù mọ́ ìdí ọkọ̀ nìyẹn, tí a gba Ògbà, tí a kọjá Pen Cinema, tí a fi dé abẹ́ àtíbàbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Agége. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn agégi ni ó fún ìlú náà ní orúkọ. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ní 1896, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, ni ó gba ibẹ̀ kọjá. Ipa kan náà ni Red Line tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2024 ń tọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá kọjá, àwọn ọmọ iṣẹ́ á dúró, wọ́n á gbé ojú sókè, wọ́n á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Bàbá tí ó ni àtíbàbà náà ti fi fáíbà ṣe táńkì omi àti ọkọ̀ ojú omi rí.

Bàbá kò tilẹ̀ wo ibi tí ó wú. Wọ́n gun òkè. Wọ́n fi ìdí ṣúkúdíráfà kan ara ògiri díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì tẹ́tí. Ibi tí ó bá dún kó, ara rẹ̀ le. Ibi tí ó bá dún bò, fáíbà ti ya kúrò lára igi. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí ọmọ iṣẹ́ fi róbà da omi sí i láti ìsàlẹ̀, kí ó dúró díẹ̀, kí ó tó gun òkè sí i. Àǹtí wà nínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Omi dé fèrèsé, kò sí nǹkan kan. Ó dé ibi tí òrùlé ti pàdé ògiri iwájú, Àǹtí figbe ta. Omi ń gba ojú ibi tí wọ́n ti so òrùlé pọ̀ wọlé, ó ń rìn nínú ògiri, ó sì ń jáde ní igun ìsàlẹ̀, níbi tí ó jìnnà sí ẹnu ihò rẹ̀.

"Màmá," Bàbá ní, "ibi tí ẹ ti rí omi kọ́ ni ibi tí ó gbà wọlé."

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráàyè wọ ibẹ̀. Ẹnu ògiri tiwa wà lókè, ìsàlẹ̀ ni a ti ń lé aláǹgbá.

Mo lo ọjọ́ púpọ̀ ní àtíbàbà náà, mo sì kọ́ ẹ̀kọ́. Okùn gíláàsì tín-ín-rín ni fáíbà, résìn ni ó ń dì í pọ̀. Gíláàsì kì í jẹrà, ṣùgbọ́n igi tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń jẹrà. Résìn kì í sì í di ohun tí ó tutù mú, bẹ́ẹ̀ ni kì í di ọ̀dà tàbí sílíkóònù mú. Ìdí nìyẹn tí àtúnṣe àkọ́kọ́ fi ṣí. Bàbá gé igi jíjẹrà dànù, wọ́n fi fáànù àti oòrùn gbẹ ìyókù fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì fi igi tuntun rọ́pò. Wọ́n ha etí ihò náà kí ó rọra dà wálẹ̀, kí fáíbà tuntun lè rí ibi gbòòrò dì mú. Ohun tí ń mú résìn le kò ju bí ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, résìn á gbóná, á sì sán. Bàbá kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ da ohun tí ń mú un le àti ohun tí ń mú un yá pọ̀ mọ́ ara wọn tààrà, nítorí ó lè bú gbàmù. Ní ti ojú ìsopọ̀ òkè, wọ́n fá sílíkóònù àtijọ́ kúrò pátápátá, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù róbà tí kì í gbẹ dí i.

Owó tí Àǹtí fẹ́ fi ra jẹnẹrétọ̀ bá iṣẹ́ náà lọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń ronú àtira irú ilé orí táyà yìí, ẹ ṣe sùúrù títí òjò yóò fi rọ̀ kí ẹ tó lọ wò ó. Ẹ tì í pa fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì gbóòórùn inú rẹ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ gbogbo igun. Ẹ kan ògiri rẹ̀. Bí ọ̀dà bá jẹ́ tuntun ní ojú kan ṣoṣo, ẹ bèèrè ìdí.

Nígbà tí oṣù pé, obìnrin náà padà wá. Àǹtí fi àwòrán igi jíjẹrà náà hàn án lórí fóònù, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́, títí kan ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Obìnrin náà wo àwòrán náà pẹ́. Kò ra kárafáànù. Ó dúpẹ́, ó sì gba ọ̀nà ilé iṣẹ́ Bàbá lẹ́nu wa, pé òun yóò mú un lọ wo èyíkéyìí tí òun bá fẹ́ rà.

Òjò ńlá rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo bá Àǹtí nínú kárafáànù, ìkòkò ẹ̀wà lórí iná, àwọn òṣìṣẹ́ tò sí ẹnu fèrèsé. Láàárín oníbàárà méjì, wọ́n na ọwọ́ sí igun iwájú, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ó gbẹ," ni wọ́n wí, wọ́n sì yíjú sí ẹni tí ó kàn.