Sítíárìn Bàbá Àgbà

Nígbà tí a wọlé, àwọn kan nínú yín bi mí pé kí ló dé tí èékánná mi fi dúdú bí ti ọmọ mẹkáníìkì. Iṣẹ́ sítíárìn ni mo bá dé. A yọ sítíárìn ọkọ̀ Bàbá àgbà, a sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Lójú ẹni tí kò mọ̀, iṣẹ́ kékeré ni, nítorí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló dì í mú. Ṣùgbọ́n kí a tó débi nọ́ọ̀tì yẹn, ilé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú.

MGB GT ni ọkọ̀ náà, ọkọ̀ ìsáré onílẹ̀kùn méjì tí wọ́n ṣe ní ìlú Abingdon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1962 ni MGB kọ́kọ́ jáde. Èyí tó ní òrùlé irin, tí wọ́n ń pè ní GT, dé ní ọdún 1965, wọn ò sì dáwọ́ dúró títí di ọdún 1980. Wọ́n ṣe ju ìdajì mílíọ̀nù lọ. Lọ́ńdọ̀nù ni Bàbá àgbà ti ra tiwọn ní ọdún 1968 nígbà tí wọ́n ń kàwé níbẹ̀, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wálé ní ọdún 1971.

Apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí apá òsì títì ni àwa náà ń gbà nígbà náà. Ọkọ̀ ò tíì pẹ́ nílé tí ìjọba fi yí i padà: láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni gbogbo Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà, tí Bàbá àgbà bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀, wọn kì í rí iwájú. Ìyá àgbà tó jókòó lápá òsì ló máa ń bá wọn wò ó. Wọ́n á ní, "Ẹ dúró, bọ́ọ̀sì ń bọ̀," tàbí "Ó mọ́, ẹ máa lọ." Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe wa ọkọ̀ yẹn títí Ìyá àgbà fi kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Èmi ni mo ń jókòó síbẹ̀ báyìí tí mo bá wà nílé.

Sítíárìn tó bá ọkọ̀ náà wá fẹ̀, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín. Wáyà irin ni wọ́n fi ṣe apá rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oòrùn Kàdúná ti sán an káàkiri. Aromọléegun sì ti mú ìka Bàbá àgbà, wọn ò lè ká ọwọ́ pọ̀ dáadáa mọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, a dé ráńdábáòtù, sítíárìn yọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọkọ̀ kọrí sí etí títì níbi tí obìnrin kan ti ń ta ọsàn. Bàbá àgbà tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Kò ju ìwọ̀n apá kan lọ tó kù ká kan tábìlì ọlọ́sàn. Kò sẹ́ni tó fara pa, a dúpẹ́.

Nígbà tí a délé, Màámi ní kí wọ́n ta ọkọ̀ náà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pa yín." Bàbá àgbà ò fèsì. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kọjá "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ kú iṣẹ́". Ohun tó bà mí nínú jẹ́ nìyẹn. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni Màámi ń sọ, mo sì mọ̀ pé tí ọkọ̀ yẹn bá lọ, ohun tó ń mú Bàbá àgbà jáde nílé ti lọ nìyẹn.

Bọ̀dá mi ló kọ́kọ́ ní ká pààrọ̀ sítíárìn. Ó fi ọ̀kan hàn wá lórí fóònù, aláwọ dúdú bíi ti àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje, íǹṣì 13. Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ọkọ̀ náà, Peugeot ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́ látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná níbí ní ọdún 1975, mi orí. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ yìí ò ní ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn yí sítíárìn o. Ọwọ́ Bàbá nìkan ni." Mo lọ mú ìwé físíìsì mi. A fi téèpù wọn sítíárìn àtijọ́, íǹṣì 16 àti ààbọ̀ ni. Bí sítíárìn bá ṣe kéré sí i ni agbára tí ọwọ́ máa fi yí i ṣe ń pọ̀ sí i. Tí ti àtijọ́ bá gba agbára 10, ti íǹṣì 15 á gba 11, ṣùgbọ́n ti íǹṣì 13 á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba 13. Fún ọwọ́ tó ń dunni, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Bọ̀dá mi wo ìṣirò náà, ó rọra gbé fóònù rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Ó wá ku bó ṣe máa nípọn tó. Èyí, ìwé ò lè sọ ọ́. Mo fa àkísà ya tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo we é mọ́ sítíárìn àtijọ́ níbi mẹ́rin, ọ̀kan nípọn ju ọ̀kan lọ. Mo ní kí Bàbá àgbà fọwọ́ dì wọ́n mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹta, wọ́n dì í mú pẹ́. Wọ́n ní, "Ibí yìí ni." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ láti ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Mo wọn ibẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Àǹtí mi ní Birmingham. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nílé, wọ́n mú sítíárìn onígi wá, Moto-Lita, íǹṣì 15, pẹ̀lú irin ìdí rẹ̀ tó bá ọ̀pá sítíárìn MGB mu.

Bí a ṣe ṣe é rèé. A kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì. Bátìrì méjì ló wà nínú ọkọ̀ yìí lẹ́yìn ìjókòó, fóòtì 6 fóòtì 6, tí wọ́n so pọ̀ di 12. A rọra wa ọkọ̀ síwájú ṣáájú kí tayà iwájú lè dúró gbọọrọ. A yọ bọ́tìnnì họ́ọ̀nù láàárín, nọ́ọ̀tì yọjú. Mo fi ọ̀dà funfun sàmì sí ọ̀pá àti ìdí sítíárìn. Bàbá mẹkáníìkì tú nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n wọn ò yọ ọ́ tán. Wọ́n ní tí a bá yọ ọ́ tán, tí sítíárìn bá já lójijì, ojú ẹni tó ń fà á ló ń bọ̀. Ọmọ iṣẹ́ wọn gbé òòlù, wọ́n pariwo mọ́ ọn: "Ẹnu ọ̀pá lo fẹ́ bà jẹ́ yẹn!" A da epo sí i, a fi í sílẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, a mì í sọ́tùn-ún, a mì í sósì, ó dún pọ̀ọ́, ó bọ́.

Eyín wẹ́wẹ́ ló yí ẹnu ọ̀pá náà ká. Tí èèyàn bá fi eyín kan ṣoṣo ṣìnà, ọkọ̀ á máa lọ tààrà, sítíárìn á wọ́. Àmì ọ̀dà ló là wá. Ìdí sítíárìn tuntun tún gbọ́dọ̀ kan ohun tó ń dá tíráfíkétọ̀ padà lẹ́yìn tí a bá ti yí kọ́nà. Wáyà họ́ọ̀nù sá sẹ́yìn, ọwọ́ èmi nìkan ló lè wọ ibẹ̀; Bàbá àgbà ló sì mọ ibi tó yẹ kó kàn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ akèrègbè. A fún nọ́ọ̀tì gẹ́gẹ́ bí ìwé ọkọ̀ ṣe wí, a dá bátìrì padà, a fọn họ́ọ̀nù, a yí sítíárìn dópin lọ́tùn-ún àti lósì nínú ọgbà kí ọkọ̀ tó kan títì.

Ẹ̀yin tí bàbá yín ní ọkọ̀ ìgbàlódé, ẹ má lọ dán an wò o. Àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde nígbà ìjàǹbá wà nínú sítíárìn tiwọn, ó lè bú mọ́ yín lójú. Ti MGB ọdún 1968 yìí ò ní in rárá.

A ò ju sítíárìn àtijọ́ nù. Àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ máa ń tọ́jú ohun tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni Bàbá àgbà rò. Níbi tí àtàǹpàkò wọn máa ń wà, ara rẹ̀ ti jẹ dan. Aṣọ òkè Ìyá àgbà kan ni wọ́n fi dì í.

Màámi ò sọ̀rọ̀ títà mọ́, ṣùgbọ́n Bàbá àgbà fúnra wọn ló ṣòfin: ṣọ́ọ̀ṣì nìkan, kì í ṣe lálẹ́, kì í ṣe nínú òjò. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ọwọ́ àwọn ò bá lè di èyí náà mú, àwọn á fi kọ́kọ́rọ́ lé Màámi lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò ní bẹ àwọn. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí a mú níbẹ̀, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ni pé tí a bá fẹ́ tún nǹkan ṣe fún àgbà, ọwọ́ wọn ni ká kọ́kọ́ wò. Sítíárìn tó rẹwà jù lórí fóònù ì bá ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ Bàbá àgbà ju bí Màámi ṣe fẹ́ tà á lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìwọlé wa, a bá tírélà sìmẹ́ǹtì kan pàdé níwájú. Bàbá àgbà dín eré kù, wọ́n ò wo ẹ̀yìn, wọ́n ò wo iwájú, èmi ni wọ́n wò. Mo yọrí lójú fèrèsé, mo wò ó dáadáa. Mo ní, "Ó mọ́, ẹ máa lọ."