Òtítọ́ Nínú Ìgbàgbọ́ Kristi

Ní ọjà Gariki ní ìlú Enugu, “eziokwu” ni Ìgbò fi ń fi ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀. “Ezi” ni ohun rere, ohun gidi. “Okwu” ni ọ̀rọ̀. Lójú èdè yìí, ẹnu ni òtítọ́ ń gbé. Ti Yorùbá yàtọ̀ díẹ̀: “tọ́” ni à ń gbọ́ nínú òtítọ́, ohun tí kò wọ́, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ìwà.

Ajayi Crowther àti John Christopher Taylor, ọmọ Ìgbò, ni wọ́n dá iṣẹ́ ìjọ Ọlọ́run sílẹ̀ ní Onitsha ní ọdún 1857; atúmọ̀ Ìwé Mímọ́ sì ni àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ ńlá ni, nítorí Ìhìnrere Jòhánù di ẹrù tí ó wúwo ju ti ẹnu lọ ru ọ̀rọ̀ náà: Jésù fúnra rẹ̀ ni òtítọ́, ènìyàn a sì máa ṣe é. Pílátù bèèrè ohun tí òtítọ́ í ṣe, ó sì jáde lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń bèèrè ń bẹ níwájú rẹ̀.

Kristẹni tí ń ta gàrí ní Gariki lè sọ iye tí ó ra ọjà rẹ̀ láìparọ́ rárá, kí ó sì ti tẹ ìdí agolo tí ó fi ń wọ̀n ọ́n wọnú.