Èéfín Tí Kì Í Ṣe Ti Iná

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìrìn jìnnà ni í mú ni rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. N kò tí ì rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ìrìn àjò ti mú mi rí igbó tí ń rú èéfín láìsí iná. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Orí àwọn òkè Great Smoky ni igbó náà wà, ní ààlà Tennessee àti North Carolina ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún 1934 ni ìjọba àpapọ̀ sọ ibẹ̀ di ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè. Ọdọọdún ni mo máa ń gbé kámẹ́rà mi lọ síbẹ̀ nígbà ìwọ́wé. Lókè pátápátá ni ewé ti kọ́kọ́ ń pọ́n, láti nǹkan bí ìparí oṣù Kẹsàn-án. Àwọ̀ náà a wá máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé àfonífojì. Ẹ ó rí ewé tó pọ́n bí osùn, èyí tó dà bí epo pupa, àti èyí tó dà bí ìyeyè tó jábọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọmọbìnrin mi jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Òun ló gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo ń gbé kámẹ́rà lé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti dé Newfound Gap, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5,046. Afẹ́fẹ́ tútù ti sọ̀kalẹ̀ sínú àfonífojì lóru, ọ̀rinrin inú rẹ̀ sì ti di kùrukùru funfun báláú. Orí àwọn òkè nìkan ló yọ jáde lókè rẹ̀, bí erékùṣù láàárín òkun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ẹni tó bá fẹ́ ya irú àwòrán yìí. Kámẹ́rà kò mọ kùrukùru. Bí ó bá rí ohun funfun lọ títí, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì sọ funfun náà di àwọ̀ eérú. Ènìyàn ní láti fi ìmọ́lẹ̀ kún èyí tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ yàn. Ó sì ní láti ní sùúrù, nítorí kùrukùru tó bo gbogbo nǹkan ní ìṣẹ́jú yìí lè ká kúrò nílẹ̀ ní ìṣẹ́jú tó ń bọ̀.

Mo ya àwòrán kan tó tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì fi ránṣẹ́ sí màámi ní Ìdànrè lórí WhatsApp. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi pè mí.

"Ọmọ mi, ṣé kò sí o? Ta ló ń jó igbó?"

"Kò sẹ́ni tó ń jó o, mà. Kùrukùru ni."

"Kùrukùru ló wá ní àwọ̀ aró báyìí?"

Mo ṣàlàyé fún wọn pé àwọn igi ibẹ̀ ló ń tú èròjà kan sínú afẹ́fẹ́, pé bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bá bá a pàdé, ojú a máa rí i bíi búlúù. Wọ́n ní, "Búlúù kẹ̀? Ayìnrín nìyẹn."

Mo dákẹ́. Aláró ni ìyá màámi. Etí ìkòkò aró wọn ni mo gbé dàgbà, síbẹ̀ ó ti lé ní ogún ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu mi kẹ́yìn. Ọmọbìnrin mi na ọwọ́ gba fóònù. "Màmá àgbà, kí ni ayìnrín?" Wọ́n sọ fún un pé bí a bá ri aṣọ bọ aró níwọ̀nba, tí kò dúdú púpọ̀, ayìnrín ni, bí a bá ń rì í tí a sì ń sá a, tí a tún ń rì í, títí tó fi dúdú kírakíra, ó di ẹtù. Ọmọ náà gbójú sókè wo àwọn òkè, ó ní, "Èyí tó wà níwájú ni ẹtù. Ti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni ayìnrín." Òótọ́ ló sọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n tò lọ, èyí tó jìnnà ń ṣí ju èyí tó súnmọ́ wa lọ.

Àwọn Cherokee, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, ti pe àwọn òkè wọ̀nyí ní ibi èéfín aláwọ̀ aró kí òyìnbó tó dé. Ní ọdún 1838, ìjọba fi ipá lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ṣùgbọ́n Sequoyah, ọmọ wọn, ti ṣe àmì ìkọ̀wé fún èdè wọn ní ọdún 1821. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, òkè tó ga jùlọ níbẹ̀, tí wọ́n ń fi orúkọ ọ̀gágun Clingman pè, gba orúkọ Cherokee rẹ̀ padà: Kuwohi, ibi igi múlíbẹ́rì. Ìdí tí orúkọ náà fi rí ọ̀nà padà wálé ni pé àwọn kan kò jẹ́ kó kúrò lẹ́nu wọn.

Kí màámi tó gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n bi mí léèrè pé, "Kùrukùru ti òkè tiwa ńkọ́, ta ló ń yà á?" N kò rí èsì fọ̀. Abẹ́ òkè Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí, àràárọ̀ ìgbà òjò ni kùrukùru máa ń bò ó, ṣùgbọ́n n kò ní ẹyọ àwòrán rẹ̀ kan. N kò sì ní àwòrán ìyá àgbà nídìí ìkòkò aró wọn. Wọ́n ti lọ, ìkòkò náà ti fọ́.

Mo ti pinnu láti lọ sílé nígbà òjò tó ń bọ̀, èmi àti ọmọ mi. Kámẹ́rà ni n ó gbé; ìwé àkọsílẹ̀ ni òun yóò mú dání, kí ó lè máa kọ ọ̀rọ̀ tó bá ń jáde lẹ́nu màmá àgbà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè orúkọ àwọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó dìgbà kan ná.